René Laennec, oníṣègùn tí ó kọ́ àwọn dókítà láti gbọ́ ohùn ọkàn

Bí dókítà bá wọlé tọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn, yálà ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, ohun èlò kan sábà máa ń wà ní ọrùn rẹ̀. Ó ní okùn rọ́bà, ó ní ibi méjì tí dókítà ń kì bọ etí, ó sì ní orí pẹlẹbẹ tí ó ń gbé lé àyà aláìsàn. Orúkọ rẹ̀ ni stéthoscope. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ni René Laennec, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó kú ní ọdún 1826. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun èlò yìí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ àwọn dókítà bí wọn yóò ṣe dúró ti aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí wọn yóò sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láì fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ̀kọ́ náà kò tíì parí títí di òní olónìí.

Ọmọ tí kò ní ìyá

Ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1781 ni wọ́n bí Laennec ní ìlú Quimper, ní agbègbè Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ewì kíkọ ju títọ́ ọmọ lọ, owó kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí.

Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ní ọdún 1788, Laennec dé ọ̀dọ̀ Guillaume Laennec, arákùnrin bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ oníṣègùn ní ìlú Nantes. Ọkùnrin yìí ni ó tọ́ ọ bí ọmọ inú rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n lé ọba kúrò lórí oyè, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ní Nantes, ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní gbangba ìlú, àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ sì kún ilé ìwòsàn. Nígbà tí Laennec di ọmọ ọdún 14, ní ọdún 1795, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn lábẹ́ arákùnrin bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ láti fọ egbò àti láti dè é, àti láti máa wo aláìsàn pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ̀kọ́ ní ìlú Parí

Ní ọdún 1801, Laennec lọ sí Parí láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ènìyàn kúkurú ni, ara rẹ̀ tín-ín-rín, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ohun tí ó ní ni ìfarabalẹ̀ àti etí tí ó mọ ohùn yà sọ́tọ̀, nítorí pé ó máa ń fọn fèrè. Ní ọdún 1803, òun ni ó gba ẹ̀bùn kìíní nínú ìdíje ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì tún gba ẹ̀bùn kìíní nínú ti iṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1804, ó gba oyè dókítà.

Ọ̀gá rẹ̀ ni Corvisart, oníṣègùn Napoléon. Ní ilé ìwòsàn Charité, Corvisart kì í jókòó sínú yàrá kí ó máa ka ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó máa ń kó wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ń fi ìka kan àyà aláìsàn, ó sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún.

Auenbrugger, oníṣègùn kan ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní ọdún 1761. Ilé ọtí ni bàbá Auenbrugger ń tọ́jú. Ní ilé ọtí, bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan àgbá, yóò mọ ibi tí ọtí dé nínú rẹ̀. Ìyàwó ilé tí ó ń ra ìkòkò ní ọjà Kétu mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Yóò fi ìka kan ìkòkò náà kí ó tó sanwó. Bí ohùn rẹ̀ bá fọ́, ìkòkò náà ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tí ó ti sán. Bákan náà, àyà tí omi wà nínú rẹ̀ kì í dún bí àyà tí afẹ́fẹ́ kún.

Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Bí ara aláìsàn bá sanra, ohùn náà kò ní já gaara. Àwọn oníṣègùn mìíràn máa ń gbé etí lé àyà aláìsàn gan-an. Ìyẹn pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀: ó ń ti obìnrin lójú, kò sì rọrùn fún dókítà fúnra rẹ̀.

Dókítà tí ó sọ èdè àwọn aláìsàn rẹ̀

Ní ọdún 1814, ogun Napoléon dé ẹnu odi Parí. Àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ àti àwọn tí ibà mú kún àwọn ilé ìwòsàn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti Bretagne. Wọn kò gbọ́ èdè Faransé. Èdè Breton nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọn kò lè ṣàlàyé ibi tí ó ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ ohun tí dókítà ń wí.

Laennec ti fi ara balẹ̀ kọ́ èdè Breton. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ Bretagne jọ sí ibi kan ní ilé ìwòsàn Salpêtrière. Òun àti àwọn dókítà mìíràn tí ó gbọ́ èdè náà ni wọ́n ń tọ́jú wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó ti rí ìyá arúgbó láti abúlé kan ní Kétu níwájú dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Aláìsàn tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ dà bí ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn. Kí Laennec tó fi igi gbọ́ ohùn ọkàn, ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹnu.

Igi tí ó ń gbé ohùn

Ọdún 1816 ni ọdún tí ó sọ Laennec di olókìkí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Bayle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ oníṣègùn, kú nípa ikọ́ ife. Michaud, àbúrò Laennec, ti kú ṣáájú ní ọdún 1810. Ní ayé ìgbà náà, ikọ́ ife ń pa ọlọ́rọ̀, ó ń pa tálákà, kò sì sẹ́ni tí ó mọ oògùn rẹ̀. Ní ọdún 1816 kan náà ni wọ́n fi Laennec ṣe oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Necker ní Parí.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n mú ọ̀dọ́bìnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo àmì fi hàn pé ọkàn obìnrin náà ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ sanra, nítorí náà fífi ìka kan àyà kò wúlò. Ọ̀dọ́ ni, obìnrin sì ni, nítorí náà Laennec kò lè gbé etí lé àyà rẹ̀. Nígbà náà ni ó rántí ohun kan tí àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀: bí ènìyàn bá gbé etí sí orí ìtì igi kan, tí ẹlòmíràn sì fi abẹ́rẹ́ ha orí kejì, ohùn náà yóò dé etí gaara.

Laennec mú ìdì ìwé, ó ká a bí ẹni ká ẹní, ó sì dì í le. Ó gbé orí kan lé àyà obìnrin náà, ó sì fi etí sí orí kejì. Ó gbọ́ lílù ọkàn rẹ̀ ju bí òun ti gbọ́ ọ rí lọ nígbà tí ó bá fi etí lásán gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ó dán oríṣiríṣi nǹkan wò, ó sì rí i pé igi ni ó dára jù. Èyí kò lè ya àwọn agbẹ́gilére Kétu lẹ́nu, nítorí pé àwọn tí ń gbẹ́ igi ìlù fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé igi ń gbé ohùn. Laennec fúnra rẹ̀ ni ó ń gbẹ́ àwọn igi náà. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà, ó rí roboto, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì la àárín rẹ̀ kọjá. Etí kan ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní stéthoscope, orúkọ tí ó fa yọ láti inú èdè Gíríìkì. Ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ń wo inú àyà. Etí ni ó ń lò, ṣùgbọ́n wíwò ni ó ń lépa.

Bí ó ṣe mọ ìtumọ̀ ohùn

Ohùn lásán kò wúlò bí a kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́ta, Laennec ń gbọ́ àyà àwọn aláìsàn ní Necker lójoojúmọ́. Ó ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bí aláìsàn kan bá kú, wọn a la òkú náà, Laennec a sì fi ohun tí ó fojú rí wé ohun tí ó ti fetí gbọ́.

Báyìí ni ó ṣe mọ̀ pé èémí tí ó dún bí iyọ̀ tí ń ta lórí àwo gbígbóná jẹ́ àmì ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti wú. Ó mọ̀ pé bí ohùn aláìsàn bá ń ti inú àyà rẹ̀ jáde tààrà bí ẹni pé àyà ni ó ń sọ̀rọ̀, ikọ́ ife ti jẹ ihò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1819, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní apá méjì lórí gbogbo ohun tí ó rí.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ìmọ̀ rẹ̀ kò dé. Ọkàn ènìyàn ní yàrá 4, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó ní àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí ń ṣí tí ń sé kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ohùn méjì ni ọkàn ń dún nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù. Laennec rò pé àwọn yàrá òkè ni ó ń fa ohùn kejì bí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sísé àwọn ìlẹ̀kùn ni ó ń fa ohùn kejì. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn tó fi ìdí èyí múlẹ̀. Ẹni tí ó la òkú rí ọkàn tí kò lù mọ́. Ẹni tí ó fi etí sí àyà gbọ́ ọkàn tí ń lù, ṣùgbọ́n kò rí i. Kò sí ọ̀nà ní ayé ìgbà náà láti rí ọkàn tí ó wà láàyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn

Iṣẹ́ náà ti mu ara Laennec rù. Lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ jáde, ó padà sí ilé rẹ̀ ní abúlé Kerlouarnec ní Bretagne láti sinmi. Ní ìparí ọdún 1821, ó padà sí Parí. Ní ọdún 1822, wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Collège de France. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fún un ní ipò olùkọ́ ní ilé ìwòsàn Charité, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Corvisart.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbọ́ Faransé, èdè Látìnì ni Laennec fi ń kọ́ wọn, èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù jọ mọ̀ nígbà náà. Ó ń lọ láti ibùsùn kan sí èkejì. Yóò gbọ́ àyà aláìsàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbọ́ ọ tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé ìwé nìkan kò lè kọ́ etí. Ẹni tí kò bá gbọ́ àyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn lójú olùkọ́, igi lásán ni igi yóò jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Thomas Hodgkin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Parí, mú stéthoscope padà lọ sí London. John Forbes túmọ̀ ìwé Laennec sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1821. Báyìí ni ìmọ̀ náà ṣe tàn kálẹ̀.

Àwọn alátakò kò ṣàìsí. Broussais, tí òun náà jẹ́ ọmọ Bretagne, ni ó le jù nínú wọn. Ó gbà pé inú ikùn àti ìfun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, eṣúṣú tí ń fa ẹ̀jẹ̀ sì ni ó fi ń wo wọ́n. Òun àti Laennec bá ara wọn jà gidigidi nínú ìwé tí wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé igi lé àyà aláìsàn lè gbọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni ó gbè Laennec.

Àìsàn tí ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti mọ̀

Ní ọdún 1824, Laennec gbé Jacqueline Argou níyàwó. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, ó ń wúkọ́, ó ń gbóná, ara rẹ̀ sì ń joro. Síbẹ̀ ó parí àtúnṣe ìwé rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Ó pe Mériadec, ọmọ ẹbí rẹ̀ tí ó ti kọ́ ní iṣẹ́ náà, pé kí ó gbé stéthoscope lé àyà òun. Mériadec gbọ́, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó gbọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ ohùn náà ju Laennec lọ. Ikọ́ ife ni. Ó fi Parí sílẹ̀ lọ sí Bretagne, ó sì kú ní Kerlouarnec ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1826. Ẹni ọdún 45 ni. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, Mériadec ni ó fi stéthoscope rẹ̀ sílẹ̀ fún, ó sì kà á sí ohun tí ó dára jùlọ nínú ogún rẹ̀.

Ní ọdún 1882, Robert Koch ní ilẹ̀ Jámánì rí kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife. Lónìí, oògùn wà tí ó ń wò ó sàn pátápátá, bí aláìsàn bá tètè lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sì lo oògùn náà dé òpin.

Láti etí dé ojú

Ohun tí Laennec kò lè rí, àwọn méjì ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden ni ó ṣí ojú ayé sí i. Inge Edler jẹ́ dókítà ọkàn. Ó fẹ́ mọ irú àwọn aláìsàn tí ìlẹ̀kùn ọkàn wọn ti há, kí wọ́n tó gbé wọn sábẹ́ ọ̀bẹ. Hellmuth Hertz jẹ́ onímọ̀ nípa ohùn àti iná. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Malmö, wọ́n rí ẹ̀rọ kan tí ń wá ibi tí irin ti sán. Ẹ̀rọ náà ń rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú irin, ó sì ń gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni àdán fi ń mọ ọ̀nà ní òru. Wọ́n yá ẹ̀rọ náà lò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1953, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ya ìrìn ọkàn alààyè. Àwọn náà kọ́kọ́ ṣi gbohùngbohùn kan túmọ̀. Nígbà tí Edler fi í wé ọkàn àwọn tí ó kú, gẹ́gẹ́ bí Laennec ti ṣe, ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ọkàn ni ó ń rí.

Ẹ̀rọ yìí ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí échographie. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Kétu ti mọ̀ ọ́n nígbà oyún. Bí a bá fi wo ọkàn, kì í dunni, kì í sì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà tóbi, àwọn dókítà ọkàn nìkan ni ó sì ń lò ó. Nísinsìnyí, ó ti kéré débi tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ní ẹ̀ka réanimation, níbi tí àwọn tí ó wà láàárín ikú àti ìyè ń sùn sí. Nítorí náà, wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ẹ̀ka yìí láti fi wá ìdáhùn kíákíá sí ìbéèrè díẹ̀. Ṣé ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa? Ṣé omi yí ọkàn ká tí kò jẹ́ kí ó lè lù? Ṣé apá ọ̀tún ọkàn wú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì dí ọ̀nà sí ẹ̀dọ̀fóró? Ṣé ẹ̀jẹ̀ inú ara pọ̀ tó, tàbí ó ti gbẹ? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ nílò omi láti inú iṣan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lè ti ipa omi yẹn kan náà kú. Àmì tí ó hàn lójú lè jọra fún àwọn méjèèjì.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Charité. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ kọ́ bí ọkàn ti rí. Lẹ́yìn náà, yóò gbé ẹ̀rọ lé àyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn, ọ̀gá yóò sì dúró tì í láti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Yóò tún kọ́ láti mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, kí ó lè tètè pe dókítà ọkàn. Ẹ̀rọ tí ó wọ́n jùlọ kò lè gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ.

Kí ọ̀ràn má baà dé réanimation, ojú ilé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ là. Ọ̀nà ọ̀fun tí ń dun ọmọdé, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, lè padà ba ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí ọkàn wú díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí ó bímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kò lè mí dáadáa bí ó bá dùbúlẹ̀, kò yẹ kí ó dúró sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn jùlọ, kí dókítà lè gbọ́ ohùn ọkàn rẹ̀.